Kí làwọn òbí Látínò rí nídìí iṣẹ́ tíṣà tí àwa ò rí?

Ìyá_Ìbejì_Houston

Ẹ̀yin ara mi, ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Sátidé, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé àwọn tíṣà wà nínú wa dáadáa. Ẹ má bú mi o, ìbéèrè ni mò ń béèrè.

Ọmọ mi obìnrin ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ wà ní sùkúù láti kíláàsì kẹfà, ọmọ Mẹ́síkò ni, ọ̀kan nínú àwọn tí ìran wọn ti wá láti Látìn Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Látínò. Houston níbí ni wọ́n bí i sí ṣùgbọ́n Monterrey ni bàbá àti ìyá ẹ̀ ti wá. Bàbá ń kan òrùlé, ìyá ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì lálẹ́. Ọmọ yìí mọ̀wé kọjá kèrémí, máàsì ni o, sáyẹ́ǹsì ni o, kò sí èyí tí kì í ti í gba A, àwa ti ń pè é ní dókítà nílé wa. Ó wọ yunifásítì, wọ́n fún un ní síkọ́láṣípù, ni wọ́n bá pè wá lọ́jọ́ Sátidé pé ká wá bá wọn yọ̀. Ẹran sísun, ìrẹsì, orin, mọ̀lẹ́bí kún ẹ̀yìnkùlé fọ́fọ́. Mo wá bi ọmọ náà pé kí ló fẹ́ lọ kọ́, ó ní tíṣà lòun fẹ́ ṣe, tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké! Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣeré ni. Àṣé kò ṣeré. Ìyá ẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, omi ń bọ́ lójú ẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ti ń wọlé ló ń sọ fún pé "mi hija va a ser maestra", ọmọ mi ló tú u fún mi pé ó ní ọmọ òun máa di olùkọ́. Ẹkún ayọ̀ o! Tó bá jẹ́ nílé wa ni, ẹkún á wà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ti ayọ̀.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nílé, pé ọ̀run ni èrè tíṣà wà. Màmá mi ṣe tíṣà n'Íbàdàn fún ọdún 31, ìgbà kan wà tí owó oṣù ò dé fún oṣù mẹ́rin gbáko, ẹ̀wà tí wọ́n ń tà láwìn fún wa ládùúgbò la fi ń gbé e, màmá búra pé nínú àwa ọmọ òun, ẹni tó bá fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì òun máa gé ọwọ́ yẹn. Bí mo ṣe di nọ́ọ̀sì nìyẹn.

Ohun tó wá jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni pé, bá a ṣe ń darí bọ̀ nílé, lọ́mọ mi bá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ látẹ̀yìn mọ́tò pé "Mọ́mì, èmi náà ti ń rò ó o". Mi ò mọ̀gbà tí mo kúrò ní ojú ọ̀nà tèmi, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn fọn fèrè fún mi bí ẹni pé mo pa bàbá ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí làwọn èèyàn yìí rí níbẹ̀? Ṣé owó tíṣà tiwọn yàtọ̀ ni? Ṣé ẹ̀sìn wọn ni? Kí ló dé tó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí báyìí?

Tíṣà_Máàsì_Dallas

Mọ́mì Ìbejì, ẹ kú ewu o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa wojú ọ̀nà 😂

Ọdún 11 rèé tí mo ti ń kọ́ máàsì ní Dallas, ẹnjiníà ni mí tẹ́lẹ̀ kí iṣẹ́ tó já mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tún ohun kan ṣe. Ẹ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn Látínò ti kún inú iṣẹ́ yìí. Wọn ò kún un rárá. Houston lẹ wà, ibẹ̀ ló jẹ́ kó dà bẹ́ẹ̀ lójú yín. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo tíṣà sùkúù ìjọba ní Amẹ́ríkà jọ, nínú 100, bíi 9 péré ló jẹ́ Látínò. Àwọn ọmọ tó jókòó níwájú wọn wá ńkọ́? Nínú 100 ọmọ, bíi 28 ni Látínò. Ìṣirò 2020 sí 2021 nìyẹn. Texas tiwa yìí, àwọn ọmọ Látínò ti lé ní ìdajì gbogbo ọmọ sùkúù, àwọn tíṣà wọn kò ju bíi 30 nínú 100 lọ. Nítorí náà ẹni tó bá di tíṣà nínú wọn, ẹ má rò pé èrò ló ń tẹ̀lé, ọ̀pọ̀ wọn ka ìwé tán láìrí tíṣà kan tó jọ ìyá wọn.

Kọ́líìgì mi kan, yàrá ẹ̀ kọjú sí tèmi gan-an, El Paso ló ti wá, ó ní òun ti ń ṣe tíṣà láti ọmọ ọdún 8. Mo ní báwo? Ó ní ìyá òun ò gbọ́ òyìnbó. Lẹ́tà tí sùkúù bá fún un mú lọ sílé, òun ló ń kà á fún ìyá ẹ̀. Tí wọ́n bá pe òbí wá, òun náà ló máa jókòó sáàárín, tíṣà á sọ̀rọ̀, á tú u, ìyá á fèsì, á tún tú u padà, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ ni wọ́n ń sọ o! Lọ́jọ́ kan tíṣà ní ọmọ yìí ń pariwo jù ní kíláàsì, ó wá tú u fún ìyá ẹ̀ pé tíṣà ní òun máa ń dáhùn ìbéèrè dáadáa. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn dùn mí. Àmọ́ ó ní nígbà tí àwọn àbúrò òun náà bẹ̀rẹ̀ sùkúù, òun ló ń bá wọn ṣe họ́mùwọ́ọ̀kì torí kò sẹ́lòmíì tó lè ṣe é nílé, òun ló ń kọ́ bàbá òun ní ìbéèrè tí wọ́n máa bi í tó bá fẹ́ gba láísẹ́ǹsì mọ́tò, òun ló ń bá ìyá lọ sọ́sìbítù. Nígbà tó fi máa pé 18, iṣẹ́ tó ti ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún 10 ni wọ́n kàn ní àwọn fẹ́ máa sanwó ẹ̀. Mo ti gbọ́ irú ìtàn yìí lẹ́nu tíṣà Látínò tó ju márùn-ún lọ, orúkọ ìlú ló kàn ń yí padà.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà ńbẹ̀. Òfin Texas ni pé district (àwọn tó ń darí sùkúù ìjọba ládùúgbò kan) tó bá ti ní ọmọ 20 nínú kíláàsì ìpele kan náà, tí wọn ò tíì gbọ́ òyìnbó yanjú, tí èdè ilé wọn dẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, dandan ni kí wọ́n fi èdè méjèèjì kọ́ wọn. Ta ló máa kọ́ wọn? Ẹni tó gbọ́ Sípáníìṣì, tó lè kà á, tó lè kọ ọ́, ìdánwò ọ̀tọ̀ ló wà fún un, BTLPT ni wọ́n ń pè é. Wọn ò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ district fi ń fi owó kún owó oṣù wọn, àwọn míì ń wọ bàálù lọ kó tíṣà wá láti Puerto Rico, láti Spéènì. Ẹ wá rò ó wò, èdè tí wọ́n fi ń fi ẹ́ ṣẹ̀sín nígbà tó o wà ní kékeré, òun ni wọ́n wá ń fowó bẹ̀ ẹ́ pé kó o wá sọ.

Bàbá_Ìjẹ̀bú_MD

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ ọ́ dàlọ́. Owó ni.

Bàbá ọmọ yẹn ń gun òrùlé nínú oòrùn Houston lóṣù Keje, kò sí ìnṣọ́ránsì, ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ kò sówó. Ọmọ ẹ̀ wá lóun máa jókòó sábẹ́ AC, ìnṣọ́ránsì wà, pẹ́ńṣàn wà, ó máa gba ìsinmi oṣù méjì lọ́dún, ó máa délé kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sẹ́ni tó máa pè é ní òru pé kó wá tún bẹ́ẹ̀dì aláìsàn tẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì ẹ wí kí n gbọ́, ta ló ń sun oorun jù nínú yín? Àwa tá a gba físà wá síbí, ọ̀pọ̀ wa ti ní dìgírì lọ́wọ́ ká tó wọ bàálù, ìdí nìyẹn tí tíṣà fi jọ ìrẹ̀sílẹ̀ lójú wa. Nílé tí bàbá ò ti kàwé kọjá prámárì, tíṣà ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa fi báírò jẹun. Ẹ tún wò ó, kò sí àdúgbò tí kò sí sùkúù, kò ní torí iṣẹ́ kó ìyá ẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ míì. Ìṣègùn ńkọ́? Ọdún mẹ́jọ, gbèsè lórí gbèsè. Ọmọ yẹn gbọ́n ni, ẹ má jẹ́ ká máa pè é ní ìpè Ọlọ́run.

ỌmọÒṣogbo_LA

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú, òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yín, mi ò ní bá yín jiyàn lórí AC 😂 ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ owó nìkan ni, ó yẹ kẹ́ ẹ ṣàlàyé bó ṣe jẹ́ pé àwọn ọmọ èèyàn ti jáde sí títì rí torí tíṣà.

East Los Angeles ni mò ń gbé láti 2009, bọ́ọ̀sì ni mò ń wà. Ládùúgbò mi yìí ẹ ò lè dárúkọ tíṣà kí àgbàlagbà kan má dá yín dúró, kó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn 1968 fún yín, ọkùnrin tó ń gé irun fún mi ti sọ ọ́ fún mi tó ẹ̀ẹ̀mẹfà, gbogbo ìgbà tó bá dé ibì kan náà ló máa gbé àbẹ dúró. Lóṣù Kẹta ọdún yẹn, àwọn ọmọ sùkúù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, ní Garfield, Lincoln, Roosevelt àtàwọn sùkúù míì, dìde nínú kíláàsì wọ́n bọ́ sí títì. Ẹ máa rò pé wọ́n ń bèèrè fún ìsinmi ni. Tíṣà ni wọ́n ń bèèrè! Wọ́n ní àwọn fẹ́ tíṣà àti prínsípà tó jẹ́ ọmọ Mẹ́síkò bíi tàwọn, wọ́n fẹ́ kí wọ́n máa fi èdè méjèèjì kọ́ àwọn, kí ìtàn àwọn baba wọn wà nínú ìwé, torí nígbà náà tí ọmọ bá ti ń jẹ́ orúkọ Sípáníìṣì, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n máa darí ẹ̀ sí, wọ́n á ní fásitì ò kàn án. Tó bá sọ èdè ilé ẹ̀ nínú ọgbà sùkúù, ẹgba ni. Tíṣà tó dúró tì wọ́n ni Sal Castro, ó ń kọ́ni ní Lincoln High School. Ọlọ́pàá mú un, bọ́ọ̀dù tó ń darí àwọn sùkúù gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn òbí àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ jókòó sínú ọ́fíìsì bọ́ọ̀dù, wọ́n ní àwọn ò níí dìde, títí wọ́n fi dáṣẹ́ ẹ̀ padà fún un. Ó kú ní 2013, wọ́n ti fi orúkọ ẹ̀ sọ sùkúù kan níbí.

Ẹ wá wo ẹlòmíì, èyí máa yé gbogbo ẹni tó bá ti fi sítífíkéètì Nàìjíríà ṣe sẹkúríítì rí. Jaime Escalante, ọmọ Bòlífíà ni, tíṣà ni nílé, físíìsì àti máàsì ló ń kọ́. Ó dé Amẹ́ríkà, wọ́n ní sítífíkéètì ẹ̀ ò wúlò. Ó nu ilẹ̀ ilé oúnjẹ, ó dáná, ó ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì ẹlẹ́kitírọ́níìkì, ó ń lọ sùkúù lálẹ́ láti kọ́ òyìnbó. Kọ́ńpìnnì yẹn sanwó fún un dáadáa o, ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú ẹ gbọ́ ibí yìí, ó fi sílẹ̀ ó lọ gba iṣẹ́ tíṣà ní Garfield ní 1974 níbi tí owó ti kéré! Garfield ìgbà yẹn ò dára rárá. Ó kọ́ àwọn ọmọ náà ní kálíkúlọ́ọ̀sì, máàsì tó le ti fásitì. Ní 1982, ọmọ 18 ló pàsì AP, ìdánwò ìpele fásitì tó le jù yẹn, àwọn tó ń ṣètò ìdánwò ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, wọ́n fura sí 14 nínú wọn pé wọ́n jíwèé wò. 12 tún un ṣe, gbogbo àwọn 12 ló pàsì. Wọ́n ṣe fíìmù nípa ẹ̀, àwòrán ẹ̀ wà lára sítáǹpù ní 2016. Ẹ wá dàgbà sádùúgbò tí irú èèyàn yìí ti kọ́ bàbá yín ní máàsì, kẹ́ ẹ má fẹ́ dà bíi ẹ̀.

Tíṣà obìnrin kan tó máa ń wọ bọ́ọ̀sì mi láàárọ̀ (mọ́tò ẹ̀ bàjẹ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta) ní DACA ni wọ́n fi fún òun ní ìwé iṣẹ́, ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2012 fún àwọn tí wọ́n gbé wá ní kékeré láìní ìwé. Mo bi í pé kí ló dé tí kò wá iṣẹ́ tó lówó tí ìwé náà fi wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní tíṣà kan ló jókòó ti òun lẹ́yìn iṣẹ́ lójoojúmọ́ nígbà tí òun ò mọ̀ bóyá fásitì máa gba irú òun, kò dẹ̀ sọ àṣírí òun fẹ́nì kankan, òun náà fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ míì bá fẹ́ sọ irú àṣírí bẹ́ẹ̀. Kí n tó rí ohun tí mo máa fi fèsì ó ti sọ̀ kalẹ̀.

Adétutù_Chicago

Mọ́mì Ìbejì, mo kí yín o. Ọmọ Puerto Rico ni ọkọ mi, ilé wọn ni mo ti mọ̀ pé a ti ń fi ojú tó yàtọ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí láti inú èdè wá.

Àwa Yorùbá, tá a bá ní ọmọ kan lẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe ìwé là ń sọ, àbí? Ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kí àgbà, tí kì í fẹnu gbé e fún ìyá ẹ̀. Ọmọ lè gba gbogbo A tó wà láyé, tó bá gba iwájú àgbà kọjá láìkí, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹ wá gbọ́ o, bákan náà ló ṣe rí nínú Sípáníìṣì! Tí ìyá ọkọ mi bá ní ọmọ kan jẹ́ "bien educado", kì í ṣe pé ó mọ̀wé, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé tó gbẹ̀kọ́ ni. "Mal educado" nìyẹn ń jẹ́ aláìlẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà "maestra" tí ìyá ọmọ yẹn ń pè, ẹni tó ń bá òbí tọ́ ọmọ ló ń sọ, kì í ṣe ẹni tó ń kọ A B D sára bọ́ọ̀dù. Ìyá ọkọ mi tí wọ́n ń pè ní "maestra" lọ́jà pàápàá, àwọn tó ń pè é ò mọ orúkọ ẹ̀.

Bó ṣe di tíṣà gan-an ló dùn jù. Ọmọ mẹ́ta ló bí kó tó wọ sùkúù tó jẹ́ ti ìwé, iṣẹ́ fákítírì ló ń ṣe. Níbí ní Logan Square, ẹgbẹ́ àdúgbò kan bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan ní 1995, wọ́n ń gba àwọn ìyá sínú kíláàsì, wákàtí méjì lójúmọ́, kì í ṣe kíláàsì ọmọ tiwọn o, ti ọmọ ọlọ́mọ, kí wọ́n máa bá tíṣà kọ́ àwọn tó ń tẹ̀yìn bọ̀, wọ́n á dẹ̀ fún wọn lówó díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá tó wọlé sọ pé àwọn ò lè kọ́ni, pé òyìnbó àwọn ò já gaara. Ìyá ọkọ mi ní lọ́jọ́ tí ọmọkùnrin kan tí kò tíì lè kàwé ka ojú ìwé kan tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, òun wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sunkún. Ó ṣe é fún ọdún méjì, ó di olùrànlọ́wọ́ tíṣà, ó wá ń lọ fásitì lálẹ́, ó wà nínú iṣẹ́ náà di ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì. Ìpínlẹ̀ Illinois tún wá ṣòfin ní 2004 tó ń fowó ran irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n lè di tíṣà tó ní ìwé ẹ̀rí. Bàbá Ìjẹ̀bú, owó wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo ọdún tó gbà á.

Ẹ tún lọ wo obìnrin kan tó ń jẹ́ Antonia Pantoja. Tíṣà ni ní Puerto Rico, ó dé New York ní 1944, iṣẹ́ wẹ́dà ló kọ́kọ́ rí ṣe. Òun ló dá ASPIRA sílẹ̀ ní 1961 kí àwọn ọmọ Puerto Rico má bàa máa já kúrò ní sùkúù. Ẹgbẹ́ yẹn ló gbé bọ́ọ̀dù New York lọ kóòtù, títí bọ́ọ̀dù fi fọwọ́ sí i ní 1974 pé àwọn máa fi èdè àwọn ọmọ náà kọ́ wọn. Ẹ lè máa rí tíṣà Puerto Rico kan tó ti lé ní 50 ọdún ní Bronx kó sọ pé ASPIRA ló rí òun mú.

Ìyá_Ìbejì_Houston

Haa, ẹ ṣeun gan-an. Adétutù, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ yẹn wọ̀ mí lára, mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Àmọ́ ohun kan ò tíì yé mi. Ẹ ní wọ́n nà wọ́n torí èdè wọn, kí ló wá dé tí wọ́n tún ń padà síbẹ̀? Èmi náà, ní prámárì tí mo lọ n'Íbàdàn, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ sọ "fànákúlà". Wọ́n máa ń so pákó kan mọ́ wa lọ́rùn, ẹni tó bá sọ Yorùbá ló máa gbé e kọ́rùn títí ó fi gbọ́ ẹlòmíì tó sọ ọ́, ẹni tó bá wà lọ́rùn ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jáde á sanwó. Lọ́jọ́ kan ejò wà nínú yàrá ìgbẹ́, mo pariwo "ejò! ejò!", wọ́n sá tán, wọ́n wá so pákó mọ́ mi lọ́rùn. Mi ò fẹ́ rí sùkúù yẹn mọ́ láyé mi. Nínú gbogbo ẹni tá a jọ ṣe kíláàsì, mi ò mọ ẹnì kan tó ní torí pákó yẹn lòun fi fẹ́ lọ ṣe tíṣà.

Tíṣà_Máàsì_Dallas

Ejò ni wọ́n torí ẹ̀ fi pákó kọ́ yín lọ́rùn 😂😂 ẹ má bínú mà, ẹ̀rín ń pa mí ni.

Èsì tèmi nìyí, kò dẹ̀ dá mi lójú tán. Àwọn tó so pákó mọ́ wa lọ́rùn, Yorùbá bíi tiwa ni wọ́n, àwọn gan-an ń sọ Yorùbá ní yàrá tíṣà. Kò sí ẹni tá a lè fi ara wa rọ́pò. Fún àwọn Látínò, ẹlòmíì ló ń nà wọ́n. Ní Texas níbí, láti 1918, tíṣà tó bá fi èdè mìíràn kọ́ ọmọ ní sùkúù ìjọba, ó rú òfin nìyẹn, títí di 1969. Tíṣà nìkan ló lè yí i padà láti inú, àwọn dẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí Robb Elementary ní Uvalde, níbi tí wọ́n ti yìnbọn pa ọmọ 19 àti tíṣà méjì ní 2022? Sùkúù yẹn kan náà, ní 1970, bọ́ọ̀dù kọ̀ láti gba tíṣà ọmọ Mẹ́síkò kan padà síṣẹ́, Josué Garza lorúkọ ẹ̀, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá fi sùkúù sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn tíṣà méjì tí wọ́n pa ní 2022 náà, obìnrin Látínò ni àwọn méjèèjì, ọ̀kan ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ọdún 23. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣàlàyé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú AC.

Àwa náà ní ẹni tó gbìyànjú ẹ̀ o. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá, Ifẹ̀, 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ prámárì fún odindi ọdún mẹ́fà, òyìnbó wà níbẹ̀ bíi iṣẹ́ kan péré, àwọn ọmọ náà dẹ̀ ṣe dáadáa, títí kan òyìnbó. Ta ló tẹ̀lé e? Ẹ jẹ́ n dákẹ́.

Àmọ́ Mọ́mì, kẹ́ ẹ má bàa rò pé oyin nìkan ni mò ń tà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ o. Kọ́líìgì mi ará El Paso yẹn, tí òbí kan tí kò gbọ́ òyìnbó bá wọ ọgbà, òun ni wọ́n máa lọ pè, kódà tó bá wà nínú kíláàsì, kò dẹ̀ sí kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Ọmọ tó bá ń jà, tó bá ti jẹ́ Látínò, wọ́n á ní "lọ bá a sọ̀rọ̀, tìẹ ni". Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ọmọ ọdún 8 ni òun ṣì jẹ́, òun ṣì wà láàárín tíṣà àti ìyá. Ọmọ yín ní láti mọ ìyẹn kó tó wọlé.

Bàbá_Ìjẹ̀bú_MD

Mo gba ti Escalante. Ti àwọn tó kù, mo ṣì ń rò ó. Àmọ́ Mọ́mì Ìbejì, tí ọmọ bá ní máàsì lòun fẹ́ kọ́ wọn, ẹ jẹ́ kó lọ, tíṣà máàsì wọ́n gan-an, kò ní pebi.

Ìyá_Ìbejì_Houston

Ẹ̀yin èèyàn yìí, mo pe ìyá ọmọ náà lánàá. Òun ò gbọ́ òyìnbó, èmi ò gbọ́ Sípáníìṣì, ọmọ mi tó kọ́ ọ ní sùkúù ló jókòó sáàárín wa tó ń tú u. Mo bi í pé kí ló ń pa á lẹ́kún lọ́jọ́ yẹn. Ó ní òun fi sùkúù sílẹ̀ ní kíláàsì kẹfà láti tọ́ àwọn àbúrò òun, maestra òun wá sílé lẹ́ẹ̀mẹta láti bẹ bàbá òun, ó jókòó sórí àpótí ní ẹnu ọ̀nà, bàbá ò gbà. Ó ní òun ò gbàgbé bàtà tí obìnrin náà wọ̀, gbogbo ẹ̀ kún fún erùpẹ̀ torí kò sí bọ́ọ̀sì tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn.

Ọmọ mi wá tún sọ pé ìyá náà ní òun rò pé èmi náà máa gbà kí ọmọ tèmi ṣe tíṣà torí ojú mi jọ ti ẹni tó láàánú. Mo wò ó. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn ni ìyá sọ lóòótọ́ o, àbí irú ìtumọ̀ ti ará El Paso yẹn ni wọ́n ṣe fún mi.

Tíṣà Dallas, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ orúkọ àwọn ìdánwò yẹn fún mi ní ínbọ́ọ̀sì, gbogbo wọn. Bàbá ọmọ mi ò tíì gbọ́, ẹ má jẹ́ kó rí i níbí.